Ká Tó Sọ Pé Sẹ́ńsọ̀ Táyà Ti Kú

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn awakọ̀, rewáyà, fọ́kánáísà àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà yín ní rere. Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe níbí ní Abẹ́òkúta. Orí iná kékeré kan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, iná aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n ya táyà sí, tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, iná náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wa ọkọ̀ náà kúrò ní èbúté. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn atẹ́gùn nínú táyà kọ̀ọ̀kan, ló ń sọ fún ọkọ̀ pé kó tan iná yẹn. Nígbà tí èyí tó bá ọkọ̀ wá bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, a máa ń lọ ra òmíràn lọ́jà, èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. A rà á, a gbé e sínú táyà, iná kò kú. A ní sẹ́ńsọ̀ yẹn ò dáa, a yọ ọ́ dànù, a tún ra òmíràn. Owó ń lọ, iná ò lọ.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí à ń sọ nù nílùú yìí, wọn ò kú. Ọkọ̀ ni kò mọ̀ wọ́n, tàbí kò lè gbọ́ wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ kó tó bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà, owó tí yóò ná kò ní tó ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi gbé nǹkan yìí sínú ọkọ̀, nítorí ẹni tó bá rò pé fàájì ni kò ní fọwọ́ gidi mú un. Porsche 959 ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó ní irú rẹ̀, ní 1986. Fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀ olówó ńlá ló ń lò ó. Ọdún 2000 ni ọ̀rọ̀ yí padà ní Amẹ́ríkà, nígbà tí táyà Firestone tó wà lẹ́sẹ̀ Ford Explorer ń bẹ́ lójijì, tí ọkọ̀ ń gbókìtì, tí ẹ̀mí ń lọ. Ilé aṣòfin wọn ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní TREAD lọ́dún náà. Òfin yẹn ló bí ìlànà pé láti September 2007, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò kìlọ̀ fún awakọ̀ tí atẹ́gùn táyà bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí iye tó yẹ. Yúróòpù náà tẹ̀lé e. Láti November 2014, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní láti ní in. Ẹ wá wo tòkunbọ̀ tó kún ìgboro wa láti Ọbáńtokò dé Láfẹ́nwá. Àtèyí tó ti Amẹ́ríkà wá, àtèyí tó ti Bẹ́ljíọ̀mù wá, púpọ̀ nínú wọn ló gbé ẹ̀rọ yìí wá bá wa. A ò bèèrè fún un, ṣùgbọ́n ó wúlò fún wa gan-an. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré máa ń tẹ̀ jù. Bó ṣe ń tẹ̀ ló ń gbóná, ooru yẹn ló sì ń mú kó bẹ́. Ẹni tó bá ń gba Ìtòrí àti Ewékorò lọ sí Èkó lọ́sàn-án, tí ọkọ̀ kún fún ẹrù, tí tírélà símẹ́ńtì wà níwájú tó tún wà lẹ́yìn, ó yẹ kí ó ti mọ ipò tí táyà rẹ̀ wà kó tó dé ibẹ̀.

Ohun tó wà nínú táyà náà kéré. Ìdí fáàfù ló dè mọ́, nínú lọ́hùn-ún, lára ríìmù. Ohun tó ń wọn atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, ohun tó ń wọn ooru, rédíò kékeré kan tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, àti bátìrì pẹlẹbẹ. Wọ́n ti fi oje líle kan rẹ́ bátìrì yẹn pa, ẹ ò lè yọ ọ́ pààrọ̀. Ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ló máa ń lò. Tí ọkọ̀ bá dúró, sẹ́ńsọ̀ á sùn kó má baà máa jẹ bátìrì. Tí táyà bá ń yí, á jí, á sì máa sọ fún ọkọ̀ pé èmi ni nọ́ńbà báyìí, atẹ́gùn mi jẹ́ báyìí, ooru mi jẹ́ báyìí. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọkọ̀ sì ní àkọsílẹ̀ nọ́ńbà àwọn tó jẹ́ tirẹ̀. Èyí tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, kódà kó máa pariwo láti àárọ̀ dalẹ́, ọkọ̀ kò ní dá a lóhùn.

Nítorí náà, tí iná bá tàn, géèjì tí a fi ń wọn atẹ́gùn táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kì í ṣe owó. Ẹ géèjì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, nígbà tí táyà ṣì tutù. Iye tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó rí i. Ẹ má wo èyí tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ o. Òpin agbára tí táyà yẹn lè gbà ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín fẹ́. Ká ní ìwé ẹnu ọ̀nà sọ pé 32 psi (psi ni ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka atẹ́gùn), ó lè di nǹkan bí 24 kí iná tó tàn. Ìyẹn ni pé táyà lè wà ní 27, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti máa jẹ, kí epo ti máa jó ju bó ṣe yẹ, síbẹ̀ kí iná má sọ nǹkan kan. Iná kò rọ́pò géèjì rárá.

Ooru ilẹ̀ wa náà ní tiẹ̀. Bí ooru bá fi 10 °C lọ sókè, atẹ́gùn táyà á fi nǹkan bíi 2 psi lé sí i. Táyà tó sáré ti Ṣàgámù bọ̀, tí ẹ wá géèjì rẹ̀ ní Kútọ̀ lọ́sàn-án gangan, tó sì kà 33, ó lè jẹ́ 28 ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ní ìgbà ọyẹ́ pàápàá, iná yìí máa ń tàn fún àwọn kan láàárọ̀, tó bá di ìyálẹ̀ta á kú. Wọ́n á ní sẹ́ńsọ̀ ti dàrú. Kò dàrú. Atẹ́gùn ló wà ní bèbè, tí òtútù òru sì tì í ṣubú.

Lẹ́yìn géèjì, ẹ wo bí iná ṣe ń tàn. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ ní sùúrù, ẹ máa wò ó. Tó bá tàn tó sì dúró gbọn-in, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló ń sọ. Tó bá ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó dúró, kì í ṣe atẹ́gùn mọ́. Ọkọ̀ ń sọ pé, ó kéré tán, òun kò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ kan. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà lẹ ó lọ tàbí ọ̀dọ̀ rewáyà. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi atẹ́gùn kún fún títí táyà fi le koránkorán nítorí iná tó ń ṣẹ́jú. Atẹ́gùn kọ́ ni ọkọ̀ yẹn ń bèèrè.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wọ ibi tí owó wa ti ń ṣòfò jù. Rédíò inú sẹ́ńsọ̀ ní ìgbì tó ń sọ̀rọ̀ lé. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ń lo 315 MHz. Ti Yúróòpù ń lo 433 MHz. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹni tó bá yí rédíò rẹ̀ sí 101.9 ti Rockcity kò lè gbọ́ ohun tí OGBC ń sọ lórí 90.5. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ 433 nínú ọkọ̀ 315. Bátìrì rẹ̀ pé, kò sí àbùkù lára rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè gbọ́ ọ láéláé. Ní ìlú tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ wọn ń gbà wọlé, ìyọnu yìí kò pọ̀. Níbí, ọkọ̀ Amẹ́ríkà àti ọkọ̀ Yúróòpù ń gbé ojúlé kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà ló ń ta ẹ̀yà ara wọn, ojú lásán kò sì lè mọ sẹ́ńsọ̀ ti èyí yàtọ̀ sí ti ìyẹn.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gbé Toyota RAV4 wọn wá bá mi. Sẹ́ńsọ̀ tuntun mẹ́rin ni wọ́n ti rà, tí wọ́n ti fi sínú táyà níbòmíràn, iná sì ń ṣẹ́jú síbẹ̀. Wọ́n ti gba kámú pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Mo mú ẹ̀rọ tí a fi ń ka sẹ́ńsọ̀, mo gbé e sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, lápá ibi tí fáàfù wà. Ẹ̀rọ yìí máa ń fi ìgbì 125 kHz jí sẹ́ńsọ̀ láì jẹ́ pé ọkọ̀ rìn. Àkọ́kọ́ dáhùn: nọ́ńbà rẹ̀ jáde, atẹ́gùn rẹ̀ jáde, bátìrì rẹ̀ dáa. Ìkejì dáhùn, ìkẹta dáhùn, ìkẹrin dáhùn. Ìyá ní, “Bọ̀dá, ṣé ẹ rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́!” Mo ní, “Wọ́n ń ṣiṣẹ́ o, Mọ́mì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yín kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.” Mo fi ojú ẹ̀rọ hàn wọ́n: 433 ló kọ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yìn rìmóòtù rẹ̀ kọ FCC ID, nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ẹ̀rọ tó ń lo ìgbì rédíò. Mo wo ojú àwo tó ń ka eré ọkọ̀, máìlì ni wọ́n fi kọ gàdàgbà, kìlómítà wà kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni.

Ohun tó gbà wá ni pé ìyá yìí kò sọ àwọn ti àtijọ́ nù. Wọ́n wà nínú ọ̀rá kan nínú búùtù, pẹ̀lú eruku lórí. Mo nu ọ̀kan, 315 MHz wà lára rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Mo gbé ẹ̀rọ sún mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta dáhùn. Ẹyọ kan péré ló kú. Nítorí ẹyọ kan, wọ́n ra mẹ́rin tí kò bá ọkọ̀ wọn mu. Mo sọ òtítọ́ fún wọn pé àwọn mẹ́ta yẹn ti dàgbà, bátìrì wọn lè máà pẹ́ mọ́, bí ẹ bá fẹ́ ìsinmi, ẹ ra mẹ́rin tuntun tó bá a mu lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí n dá mẹ́ta padà ná, àwọn á ra ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Àmì mẹ́ta tí mo fi mọ̀ yẹn, ẹ̀yin náà lè lò ó kí ẹ tó dé ọjà: máìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, FCC ID lẹ́yìn rìmóòtù, àti ohun tó wà lára sẹ́ńsọ̀ àtijọ́. Ti ìkẹta ló dájú jù. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló ń lo 315. Àwọn Mercedes kan àti àwọn Hyundai kan tí wọ́n tà níbẹ̀ ń lo 433. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá yọ sẹ́ńsọ̀ yín tó sì jù ú sínú pàǹtí ti gbé ẹ̀rí sọ nù. Ẹ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó ti kú. Sẹ́ńsọ̀ tuntun kan tún wà lọ́jà báyìí tó lè sọ̀rọ̀ lórí ìgbì méjèèjì. Ó dáa, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n òfìfo ló ń ti inú páálí jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kọ irú ọkọ̀, ọdún ọkọ̀ àti ìgbì rẹ̀ sí i lórí kó tó di sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó bá gbé e láti inú páálí sínú táyà tààrà, irin lásán ló gbé síbẹ̀.

Ká ní ìgbì ti bára mu. Ó ku nọ́ńbà. Ẹni tó fi sẹ́ńsọ̀ sí ọkọ̀ ìyá Ìtòkú yẹn ti sọ fún wọn pé òun ti tẹ SET. Ẹ̀yin onítoyota, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Bọ́tìnì SET tó wà lábẹ́ sítíárì tàbí nínú àpótí iwájú, tí ẹ máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná yóò fi ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mẹta, kò kọ́ ọkọ̀ ní nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ tuntun. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún ọkọ̀ pé iye atẹ́gùn tó wà nínú táyà nísinsìnyí ni kó gbà pé ó tọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà kò ní wọlé. Ó tiẹ̀ léwu: ẹni tó tẹ SET nígbà tí táyà wà ní 25 ti sọ fún ọkọ̀ pé 25 dára. Ẹ géèjì táyà dé iye tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì yẹn.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kọ́ nọ́ńbà kò rí bákan náà. Púpọ̀ nínú Toyota àtàwọn Lexus jẹ́ pé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì OBD lábẹ́ sítíárì, ibi tí a ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò ọkọ̀ bọ̀, lẹ ti máa fi ẹ̀rọ kọ nọ́ńbà wọlé. Síkáànù kékeré tí ẹ fi ń wo àìsàn ẹ́ńjìnì kì í sábà dé ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ GM, bíi Chevrolet, ẹ ó gbé ọkọ̀ sí ipò ìkọ́ni, lẹ ó wá jí sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: iwájú lọ́wọ́ òsì ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ parí rẹ̀ sí ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Fèrè ọkọ̀ yóò dún bí èyí kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé. Kí ẹ má ṣe é níbi tí òkìtì táyà tó ní sẹ́ńsọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ọkọ̀ má baà lọ mú tẹlòmíràn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìrìn ló ń kọ́ wọn. Ẹ ó wà wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, kí eré má dín sí 40 km/h tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ ò lè rí irú eré bẹ́ẹ̀ sá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Panṣẹ́kẹ́. Ẹ gbé e jáde sí ọ̀nà Ṣàgámù. Oníbàárà kan bínú padà wá bá mi pé iná kò kú. Gbogbo ibi tó wà á dé láti ọ̀dọ̀ mi kò kọjá Ìbarà.

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ fojú sí nọ́ńbà yìí nígbà tí ẹ bá ń dà á kọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ àmì mẹ́jọ, 0 dé 9 àti A dé F, kò sí lẹ́tà mìíràn níbẹ̀. Nítorí náà, ohun róbótó tí ẹ bá rí, òdo ni, kò lè jẹ́ lẹ́tà O láé. Ibi tí ìṣòro wà ni B àti 8, àti D àti òdo tí ìdọ̀tí bá bo ara sẹ́ńsọ̀. Ẹ̀rọ ni kí ẹ jẹ́ kó kà á fún yín, kì í ṣe ojú. Kí ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí táyà tó kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

A tún lè gba ọ̀nà àbùjá: kí a mú nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ àtijọ́, kí a kọ ọ́ sórí tuntun. Ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan OBD. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí ẹyọ kan péré kú fún. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bàbá kan gbé ọkọ̀ wá pé táyà ẹ̀yìn òun ń ka 33, á tún ka òdo, á tún padà sí 33. A wá a títí. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀, wà nínú búùtù ọkọ̀ náà, tí kò sí nínú táyà kankan. Àwọn méjèèjì ń dáhùn nọ́ńbà kan náà. Èyí tó wà nínú táyà ń sọ òtítọ́ tirẹ̀, èyí tó wà nínú búùtù náà ń sọ tirẹ̀. Bí a ti gbé e jáde, ọ̀rọ̀ parí. Tí ẹ bá ti da nọ́ńbà rẹ̀ kọ, ẹ tọ́jú àtijọ́ sílé, kó má wà nínú ọkọ̀. Àwọn jíìpù kan sì wà tí sípíà táyà wọn náà ní sẹ́ńsọ̀. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀.

Ó kan ẹ̀yin fọ́kánáísà, ẹ̀yin tí iṣẹ́ yìí kò lè ṣe láìsí yín. Ẹ̀yìn fáàfù gan-an ni sẹ́ńsọ̀ wà. Tí ẹ bá fẹ́ tú táyà kúrò lára ríìmù, ibi tó jìnnà sí fáàfù ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí irin yín má sì wọlé jìn lápá ibẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí fáàfù bá jẹ́ irin tó ní nọ́ọ̀tì nídìí, ẹ mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onírọ́bà kan náà ní in, nítorí náà ẹ má fi fáàfù rọ́bà dá ara yín lójú. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà kékeré tó wà nídìí fáàfù nígbàkúùgbà tí táyà bá ti kúrò lára ríìmù. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò fẹ́ agbára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fi gbogbo apá dè é, fáàfù á là, atẹ́gùn á máa yọ́ jáde. Ẹ da omi ọṣẹ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá fẹ́ táyà tán, kí ẹ dúró wò ó. Ìfófó tíntìntín tó ń wú nídìí nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò yára, ìyẹn ló máa sọ 32 di 24 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n á sì di ẹ̀bi ru sẹ́ńsọ̀. Ẹ má fi ìdérí báràsì tàbí ọkàn fáàfù báràsì lásán sí fáàfù álúmíníọ̀mù. Àwọn irin méjèèjì á jẹ ara wọn, wọ́n á gan pọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, fáàfù á ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àti gọ́ọ̀mù olómi tí a ń dà sínú táyà tó jò: ó lè dí ihò kékeré tí sẹ́ńsọ̀ fi ń wọn atẹ́gùn. Ẹni tó bá lò ó kí ó fi dé ilé, kó sì ní kí wọ́n nu sẹ́ńsọ̀ náà nígbà tí wọ́n bá ń lẹ táyà.

Ọkọ̀ kan tún wà tí ẹ̀yin ọlọ́jà gbọ́dọ̀ mọ̀. Honda Accord tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 2013, kò sí sẹ́ńsọ̀ nínú táyà rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà gan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ló ń ka bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré máa ń yí yára díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ Volkswagen láti Yúróòpù náà ń lo irú ọgbọ́n yìí. Ẹni tó bá ta sẹ́ńsọ̀ fún onírú ọkọ̀ yẹn ti gba owó rẹ̀ lásán. Kí ó géèjì táyà, kí ó tún ẹ̀rọ náà tò, kó sì wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó lè tún ara rẹ̀ kọ́.

Ní ti àwọn sẹ́ńsọ̀ onídérí, àwọn tí a ń dè sórí fáàfù níta, tí ojú rẹ̀ kékeré tó ń jẹ oòrùn wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n dáa fún ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní nǹkan kan. Bátìrì tiwọn ṣeé pààrọ̀, CR1632 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Tó bá ń fi ìlà lásán hàn dípò nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì. Tí kò bá gbọ́, ẹ yọ gbogbo ṣájà fóònù, kámẹ́rà iwájú àti ínfátà tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì sìgá, kí ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú máa ń da ariwo sórí ìgbì débi tí ohùn sẹ́ńsọ̀ á rì mọ́lẹ̀. Tíńtì onírin lára gíláàsì náà lè dí i lọ́wọ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ ipò táyà, ẹ pààrọ̀ ipò ìdérí náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iwájú á máa jẹ́ orúkọ ẹ̀yìn.

Kí n tó jókòó, bàbá awakọ̀ kan bèèrè pé tí iná bá ń ṣẹ́jú ṣùgbọ́n tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáa lójú géèjì, ṣé òun lè máa wa ọkọ̀ lọ. Ẹ lè wà á, sà. Sẹ́ńsọ̀ tó dákẹ́ nínú táyà kò ní dá ẹ́ńjìnì dúró, kò sì ní gba bíréèkì lọ́wọ́ yín. Ohun tí kò yẹ ni kí a fi táàpù dúdú lẹ ojú iná náà pa, tàbí kí a yọ gílóòbù rẹ̀, bí mo ṣe ń rí i lójú ọkọ̀ tí ń kó èrò. Tí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ó ń sọ fún yín pé iṣẹ́ ìṣọ́ ti padà sọ́wọ́ yín: kí géèjì wà nínú ọkọ̀, kí ẹ géèjì láàárọ̀ kí ẹ tó gbéra, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti lójoojúmọ́ tí ẹ bá ń lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Kí ẹ sì gbé e wá ká kà á kí ẹ tó lọ ra ohunkóhun.